Orí Keje: Ọwọ́ Tó Wọ Kèrègbè. Àjọṣe Pẹ̀lú Ilẹ̀ Òkèèrè lórí Ìlera Àyíká àti Ìlera Ẹnu Iṣẹ́

Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan wò, wọ́n sì bá òjé nínú rẹ̀. Míkírógíráàmù 13 ni wọ́n kà nínú dẹ́sílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Iye yìí ti kọjá 10 tí wọ́n fi ń ké gbàjarè lọ́hùn-ún nígbà náà. Ìdílé tó ti Nàìjíríà wá ni wọ́n bí ọmọ náà sí. Nígbà tí wọ́n wádìí dé ìdí ọ̀rọ̀, ojú ọmọ ni wọ́n bá a: tìróò ni wọ́n ń lé fún un. Wọ́n gbé tìróò náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀, 82.6 ni òjé. Àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn náà jáde ní ọdún 2012.

Ẹni tó bá ti iwájú Gbọ̀ngàn Màpó ní Ìbàdàn sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba kò ní rìn jìnnà kó tó bá tìróò pàdé lórí àtẹ àwọn ìyá ẹlẹ́kùlẹ́jà. Òkúta tí wọ́n lọ̀ kúnná ni. Galena ni àwọn onímọ̀ òkúta ń pè é, òjé àti imí ọjọ́ ló para pọ̀ di odidi. Àwọn ìyá wa kò fi ìkà lé e fún ọmọ. Ẹwà ni wọ́n ń wá, wọ́n sì gbà pé ó ń mú ojú ọmọ mọ́lẹ̀ kedere.

Ẹ wo bí ìmọ̀ ṣe pín sí méjì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà Boston ní ẹ̀rọ tó lè ka òjé inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní tìróò. Ìyá tó ń tà á l'Ọ́jà'ba mọ ibi tí òkúta náà ti ń wá, ó mọ ẹni tó ń rà á, ó mọ ọjọ́ tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í lé e fún ọmọ tuntun. Kò sí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ òun alára wò rí, òun tó ti ń fi ọwọ́ wọn tìróò fún oníbàárà láti ìgbà tó ti di ìyàwó ilé. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì yìí ni orí ìwé yìí dá lé.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo ti gbọ́ òwe yìí níbi ayẹyẹ ìfọwọ́síwèé láàárín yunifásítì wa àti ti òkèèrè débi pé mo lè sọ ìgbà tí olùbánisọ̀rọ̀ fẹ́ pa á. Òwe náà bá ọ̀rọ̀ mu. Ìbéèrè tí wọn kì í bi ara wọn lọ́jọ́ náà ni pé, ta ni ọmọdé, ta ni àgbàlagbà? Ẹni tó ní ẹ̀rọ ni gbogbo ènìyàn ń kà sí àgbà. Nínú ọ̀rọ̀ tìróò, mo rò pé ìyá ẹlẹ́kùlẹ́jà lọ́jọ́ lórí ju dókítà lọ.

Ohun tí a rí láti orí òkè Màpó

Ní ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó. Robert Taffy Jones ni ẹnjiníà tó kọ́ ọ. Àwọn òpó rẹ̀ wú àwọn aláró lórí débi tí wọ́n fi wọ inú àdìrẹ tí a ń pè ní Ìbàdàn dùn. Ọ̀pọ̀ ń ra aṣọ náà láì bèèrè ohun tó wà nínú ìkòkò aró. Láyé àtijọ́, ẹ̀lú ni, pẹ̀lú omi eérú. Nígbà tó yá, sóódà àti hydrosulphite dé, iṣẹ́ yá, awọ ọwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó.

Bí ẹ bá dúró sí orí òkè náà, òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni ẹ ó rí lọ títí dé Bẹẹrẹ, Lábíran àti Bẹ́yẹrúnká. Àwọn olùyàwòrán fẹ́ràn rẹ̀. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ ìlera àyíká, ohun tó yẹ kó rí lábẹ́ òrùlé wọ̀nyẹn ni pé ilé àti ibi iṣẹ́ kò yàtọ̀ síra. Ẹ̀rọ ìlọta wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, ilé ìdáná wà ní ẹ̀yìnkùlé, ẹrù ọjà wà lábẹ́ ibùsùn, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé yàrá tí ọmọ sùn sí. Àwọn ìwé tí a ń kó wọlé pín ẹ̀kọ́ wa sí ọ̀nà méjì: ìlera àyíká lọ́tọ̀, ìlera ẹnu iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n fojú sùn nígbà tí wọ́n pín in bẹ́ẹ̀, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń wọlé ní aago mẹ́jọ tó sì ń jáde ní aago mẹ́rin. Nínú agboolé Ìbàdàn, ìpín náà kò dúró.

Ojú mi ló ṣe é. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan lọ sí ẹ̀bá Bẹẹrẹ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí alájọṣe wa kan ní òkèèrè fi ránṣẹ́. A ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, a rò pé iṣẹ́ ti parí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kúnlẹ̀ kí ìyá kan tó ń lọ ata, ó bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wákàtí mélòó lẹ ń lò níbi iṣẹ́ lójúmọ́?"

Ìyá pa ẹ̀rọ. "Ibi iṣẹ́ wo, ọmọ mi? Ibi tí mo jókòó sí yìí, àbí yàrá tí mo sùn sí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Ẹ má bínú mà, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn."

"Ta ló kọ ọ́? Kó wá jókòó tì mí títí di alẹ́."

Ìwé wa ọjọ́ náà kò ní ibi tí a lè kọ ìdáhùn yẹn sí. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé àṣìṣe àkọ́kọ́ nínú àjọṣe ni kí ìbéèrè ti òkèèrè wá kí a sì wá ìdáhùn lọ sí Ọjà'ba.

Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì tó kọ ìwé lórí àrùn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ọdún 1700, ni wọ́n ń pè ní baba ẹ̀kọ́ ìlera ẹnu iṣẹ́. Ó ní kí oníṣègùn fi ìbéèrè kan kún èyí tó ń bi aláìsàn: iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè yẹn ti wà nínú ìkíni. Aláró là ń kí ní "Àrẹ̀dú o", onídìrí là ń kí ní "Ojú gbooro", alágbẹ̀dẹ là ń kí ní "Àrọ̀yè". A kì í kọjá lára ènìyàn láì fi hàn pé a mọ ohun tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó yani lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni lè tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn wa láì bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀.

Kí a má sì gbàgbé wolé-wolé. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwádìí ni àwọn wolé-wolé ti ń wọ agboolé, tí wọ́n ń yẹ inú àmù wò bóyá tańwíji wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn sá fún wọn nítorí owó ìtanràn. Nígbà tí olùwádìí bá yọjú pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì àti ìwé ní Bẹ́yẹrúnká, ojú wolé-wolé ni àwọn àgbà ilé kọ́kọ́ fi ń wò ó. Bí alájọṣe òkèèrè kò bá mọ èyí, yóò rò pé ìtìjú ló dí àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Ìdíkàn àti Indianapolis

Àjọṣe tí mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ni kì í ṣe ti èéfín tàbí ti òjé. Ti ọpọlọ arúgbó ni, ṣùgbọ́n ó kọ́ gbogbo wa bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í jọ wádìí àrùn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbà ní ibi méjì: àwọn Yorùbá ní Ìdíkàn, nínú Ìbàdàn àtijọ́, àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Benjamin Osuntokun, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, àti Hugh Hendrie ní Indiana ló wà ní ìdí rẹ̀. Osuntokun kú ní ọdún 1995. Adesola Ogunniyi, Oye Gureje àti àwọn mìíràn ló bá a lọ.

Ní ọdún 2001, wọ́n tẹ àbájáde jáde. Àwọn àgbà Yorùbá 2,459 àti àwọn ará Indianapolis 2,147 tó ti pé ọdún 65 ni wọ́n tọpa. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn Ìbàdàn, 1.15 ni àrùn Alzheimer ń mú ní ọdún kan. Ní Indianapolis, 2.52 ni. Àwọn tó jẹ́ ẹbí ara wọn láti ilẹ̀ Áfíríkà, àyíká àti ìgbé ayé wọn ti yàtọ̀ síra, àrùn náà sì ń mú wọn lọ́nà tó yàtọ̀.

Kí ló mú kí ayé gba iye yìí gbọ́? Ohun èlò kan náà ni wọ́n lò ní ìhà méjèèjì. Ṣùgbọ́n wọn kò kàn túmọ̀ rẹ̀ lásán, wọ́n tún un ṣe kó lè bá ẹni tí kò mọ̀wé mu. Ìbéèrè tó dá lórí ìwé kíkà yóò sọ arúgbó Ìdíkàn tí orí rẹ̀ pé di aláìsàn. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n tún padà lọ lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n tún padà lọ lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ọ̀pọ̀ àgbà kò mọ ọjọ́ orí wọn ní iye, nítorí náà wọ́n fi ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn wọ̀n ọ́n. Irú ìbéèrè tó bá àwọn àgbà ìgbà yẹn mu ni kí a bi bàbá bóyá ó ti ń rìn nígbà tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó, tàbí kí a bi í léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ sọ nípa Ogun Adúbí ti ọdún 1918.

Mo tún ṣàkíyèsí ohun kan tí kò sí nínú ìwé wọn. Àjọṣe náà pẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ló di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú rẹ̀, ní Ìbàdàn níhìn-ín.

Ọ̀dà inú garawa

Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Cincinnati jọ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí òjé inú ọ̀dà ilé tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà. Cincinnati ti ń wádìí òjé inú ọ̀dà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìbàdàn ní M. K. C. Sridhar, ọmọ Íńdíà tó fi púpọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ wa ní ẹ̀kọ́ ìlera àyíká. Iye òjé tó ga jù tí wọ́n rí jẹ́ 50,000 nínú mílíọ̀nù kan. Ààlà Amẹ́ríkà nígbà náà jẹ́ 600, wọ́n sì tún fà á wálẹ̀ sí 90 ní ọdún 2009. Nínú ìdá ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀dà tí wọ́n yẹ̀ wò, 96 ló kọjá 600.

Irú ìwádìí yìí kò gba owó púpọ̀. Ẹnikẹ́ni lè wọ ṣọ́ọ̀bù ra ọ̀dà, kó kùn ún sórí pákó, kó jẹ́ kó gbẹ, kó há a. Ohun tó ṣòro ni ẹ̀rọ tí yóò ka òjé náà dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè jiyàn rẹ̀ bí oníṣẹ́ ọ̀dà bá gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Nígbà mìíràn, àjọṣe kò ju kí a yá òṣùwọ̀n tó péye lọ. Akùnlé tó ń há ògiri àtijọ́ ní Òkè-Àrẹ̀mọ kí ó tó kun tuntun, tí erùku ń bo imú rẹ̀, kò sí nínú ìwádìí yẹn. Mo ń retí ẹni tí yóò ṣe tirẹ̀.

Sítóòfù

Ìyá tó ń ro àmàlà ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà'ba kì í yẹjú kúrò lórí iná. Omi gbọ́dọ̀ hó, èlùbọ́ gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan, ọmọrogùn gbọ́dọ̀ máa lọ. Kò lè dúró lókèèrè sí igi. Èéfín náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èérún inú èéfín igi kéré débi pé irun imú kò lè mú un. Ó ń lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ará ìlú gbà pé kẹrosíìnì ni ìdáǹdè. Ẹni tó bá ti kúrò lórí igi bọ́ sórí sítóòfù kẹrosíìnì ti di ẹni ńlá. Ní ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí wọ́n má máa fi kẹrosíìnì dáná nínú ilé mọ́. Lásìkò yẹn gan-an, ìwádìí kan ń lọ lọ́wọ́ ní Ìbàdàn tó fẹ́ mọ ohun tí igi àti kẹrosíìnì ń ṣe fún aláboyún.

Yunifásítì Chicago àti Yunifásítì Ìbàdàn ló jọ ṣe é. Christopher Sola Olopade, oníṣègùn ẹ̀dọ̀fóró ní Chicago tó kàwé ní Ìbàdàn, àti Oladosu Ojengbede, oníṣègùn aláboyún ní Ìbàdàn, wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2013 sí oṣù Kẹwàá ọdún 2015 ni wọ́n fi gba àwọn aláboyún 324 wọlé, àwọn tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n ṣẹ́ kèké fún wọn. Ìdajì gba sítóòfù tó ń lo ethanol, ìyẹn ọtí tí a ń sè látinú ẹ̀gẹ́ tàbí ìrèké. Ìdajì yòókù ń bá ohun tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Ìfúnpá ni wọ́n ń wọ̀n títí tí wọ́n fi bímọ.

Níbi ìbẹ̀wò tó kẹ́yìn, 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo igi tàbí kẹrosíìnì ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nínú àwọn tó ń lo ethanol, 1.9 ni. Bí a bá fi òṣùwọ̀n onímọ̀ ìṣirò wò ó, ìyàtọ̀ yìí wà létí ààlà. Láàárín àwọn tó ti ń lo kẹrosíìnì tẹ́lẹ̀ ni ó ti hàn gbangba. Ẹ jókòó ti àbájáde yìí díẹ̀. Kẹrosíìnì tí a kà sí ọ̀làjú ni ọ̀rọ̀ náà já lé lórí.

Mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìbéèrè mẹ́ta lórí iṣẹ́ yìí, ó sì máa ń gba odidi wákàtí méjì. Èkíní: kí ló dé tí wọ́n fi ṣẹ́ kèké, dípò kí wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́? Nítorí pé ẹni tó máa fẹ́ sítóòfù tuntun lè jẹ́ ẹni tó ti lówó díẹ̀, tó ń jẹun dáadáa, tó sì ti ń lọ sí ilé ìwòsàn lásìkò. Ara rẹ̀ ì bá yá bí wọ́n tilẹ̀ fún un ní àdògán. Èkejì: bí ìyá kan bá ń dáná pẹ̀lú ethanol, tí aládùúgbò mẹ́rin nínú agboolé kan náà ń fi igi dáná, tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé, èéfín ta ni ó ń fà símú? Ibí yìí ni agboolé ti ń bá ìlànà ìwádìí jà. Ohun tí a ṣe fún obìnrin kan kò lè dúró lára rẹ̀ nìkan níbi tí ògiri ilé kan ti jẹ́ ògiri ilé kejì.

Ẹ̀kẹta ló máa ń mú ariwo jáde: lẹ́yìn tí ìwádìí parí, níbo ni ìyá Bẹ́yẹrúnká yóò ti ra ethanol? Gáàsì ń bẹ ní gbogbo ìkóríta, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ń fò sókè. Kẹrosíìnì kò sì rọrùn láti rà mọ́ bíi ti àtijọ́. Èmi kò dá olùwádìí lẹ́bi pé kò dá ilé epo sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó máa tà á, ẹni tó máa ṣe é, àti ìjọba tó máa dín owó orí rẹ̀ kù ti wà nídìí tábìlì láti ọjọ́ kìíní, kí ìwé ìfohùnṣọ̀kan tó gbẹ. Yunifásítì méjì nìkan kì í pé fún irú iṣẹ́ báyìí.

Owó, àti ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́

Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan ò ní. Láti ọdún 1995 ni Ilé-iṣẹ́ Fogarty, tó wà lábẹ́ NIH, àjọ ìwádìí ìlera ní Amẹ́ríkà, ti ní ètò kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ní ìwádìí ìlera àyíká àti ìlera ẹnu iṣẹ́. Ní ọdún 2012, wọ́n tún un dá sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun, GEOHealth. Ohun tó yàtọ̀ nínú ti tuntun ni bí owó ṣe ń rìn. Tẹ́lẹ̀, owó ń dé yunifásítì Amẹ́ríkà, yunifásítì náà á wá gé díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Nínú GEOHealth, owó méjì ni. Owó ìwádìí ń lọ tààrà sí yunifásítì tó wà ní orílẹ̀-èdè tí ìṣòro wà, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń lọ sí yunifásítì Amẹ́ríkà tó jẹ́ ìkejì rẹ̀. Bí ọ̀kan kò bá sí, èkejì kò lè dá nǹkan ṣe. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Yunifásítì Ghana àti Yunifásítì Michigan ló gba irú owó yìí. Àwọn tó ń tú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní Agbogbloshie ní Accra, tí wọ́n ń jó wáyà láti yọ kọ́pà, wà lára àwọn tí wọ́n gbájú mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2021, ìjọba wó ibẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fọ́n káàkiri ìlú, iṣẹ́ wọn sì bá wọn lọ.

Bí owó bá rìn tààrà, ìpinnu ń rìn tààrà. Ẹni tó mú àpò dání ló ń yan ẹni tí yóò gbà síṣẹ́, ẹ̀rọ tí yóò rà, àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò ṣáájú nínú ìwé.

Síbẹ̀ owó ẹlòmíràn, ti ẹlòmíràn ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, NIH kéde pé àwọn kò ní fọwọ́ sí owó tuntun tí yunifásítì Amẹ́ríkà ń gé fún alájọṣe rẹ̀ ní òkèèrè mọ́, títí wọn yóò fi ṣe ètò mìíràn. Ìkéde kan láti Washington lè dá wíwọ̀n èéfín dúró ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń kọ ìwé àjọṣe lónìí gbọ́dọ̀ kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí a ń tọpa, sí ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú firísà, àti sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti dé ìdajì ọ̀nà, bí owó bá dúró lójijì.

Kí a sì má pa owó ẹ̀yáwó pọ̀ mọ́ èyí. Lẹ́yìn omíyalé ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 2011, Báǹkì Àgbáyé yá wa ní mílíọ̀nù 200 dọ́là fún ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Wọ́n kọ́ afárá, wọ́n la ojú omi. Iṣẹ́ dáadáa ni, ṣùgbọ́n kọngílá lọ sílé nígbà tó parí, a ó sì san owó náà. Àjọṣe ìwádìí ni yóò bi wá léèrè ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ ẹ̀bá odò Gégé lẹ́yìn tí omi bá ti fà.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ìgbà ni pẹpẹ wà lókèèrè. Ní ọdún 1988, wọ́n bá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì nínú àgbàlá ènìyàn kan ní ìlú Koko. Ọ̀rọ̀ náà ká Nàìjíríà lára, ìjọba sì ṣe òfin lórí rẹ̀ lọ́dún kan náà. Àdéhùn Basel, tó ń ṣọ́ bí ìdọ̀tí olóró ṣe ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, jáde ní ọdún 1989. Inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni ibùdó rẹ̀ kan fún Áfíríkà wà, Oladele Osibanjo ló sì darí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Níbẹ̀, àwọn ará orílẹ̀-èdè mìíràn ló ń wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wa.

Kí a tó wọ agboolé

Lórí ìwé, ohun méjì ni kò gbọ́dọ̀ sọ nù. Ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúwàbí nínú ìwádìí ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ìlànà orílẹ̀-èdè ti ọdún 2007 ti là á sílẹ̀. Ìfọwọ́sí ti òkèèrè kò rọ́pò rẹ̀. Èkejì, ibi tí ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti irun yóò wà, ẹni tó ni wọ́n, àti ọjọ́ tí wọn yóò dà wọ́n nù, gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Àwọn tó rántí ìdánwò oògùn Trovan ní Kano ní ọdún 1996, níbi tí àwọn òbí ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni, mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fi ń gbóná bí a bá dé ibí yìí.

Lẹ́nu ọ̀nà agboolé, òfin mìíràn ló wà. Mọ́gàjí, olórí agboolé, ni a kọ́kọ́ ń kí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà, Ìyálọ́jà ni. A ó jókòó, a ó jẹ́ kí wọ́n bi wá léèrè ọmọ ilé ta ni wá kí a tó sọ ìdí tí a fi wá. Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́ta tàbí ti àwọn aláró sàn ju lílọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbà kò ní bẹ̀rù. Ẹ má jẹ́ kí alájọṣe òkèèrè rò pé Mọ́gàjí ti fọwọ́ sí i dípò gbogbo ilé. Mọ́gàjí ṣí ilẹ̀kùn ni. Obìnrin tí a fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ní kọ̀rọ̀, láì sí ọkọ tàbí ìyá ọkọ lórí rẹ̀.

Kí a sì padà wá. Ìwà tó ń ba ìwádìí jẹ́ jù ní Ìbàdàn ni ti ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ tí kò mú èsì bọ̀. Bí a bá bá òjé lára ìyá ẹlẹ́kùlẹ́jà, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́, ní Yorùbá tí kò dẹ́rù bà á, kí ìwé ìròyìn Boston tó gbọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ pín ara yín sí méjì-méjì. Ẹ rìn láti Màpó sí Ọjà'ba, kí ẹ gba Bẹẹrẹ kọjá dé Bẹ́yẹrúnká. Ẹ yan iṣẹ́ ọwọ́ kan. Ẹ kí ẹni náà bí a ṣe ń kí oníṣẹ́ yẹn. Ẹ má gbé fọ́ọ̀mù dání. Ẹ bèèrè ohun tó ń dùn ún nínú ara tó rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ló fà á, àti ohun tó fẹ́ kí ẹnì kan bá òun wádìí. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wí gan-an.

Ẹ padà sí kíláásì, kí ẹ fi ìbéèrè yẹn kọ lẹ́tà ojú ewé kan sí yunifásítì kan ní òkèèrè tí ẹ rò pé ó ní ẹ̀rọ tí kò sí níhìn-ín. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin ní tí àwọn kò ní. Kí ìpín kejì lẹ́tà náà má kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ.